Igbá Àjíbíkẹ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé èmi kì í jowú, irọ́ ló pa fún yín. Mo jowú. Mo jowú débi pé oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi lọ mọ́, àbúrò mi tí mo tọ́ dàgbà ni mo sì jowú rẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi kẹ́dùn. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Ṣógúnlé bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan tiẹ̀ ti fi èyí tí kò ṣẹlẹ̀ kún un.

Igbá ni mò ń fín. Kì í ṣe pé mò ń tà á nìkan o, mò ń fín in. Iṣẹ́ bàbá mi ni, l'Ọ̀yọ́. Nílé wa, ọkùnrin ló ń fín igbá, obìnrin ló ń gbé e lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn ò lè jókòó ti igbá látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀kan lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, èkejì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Inú bí bàbá mi, ó pè mí, ó ki ọ̀bẹ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ọ̀bẹ ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Láàárín ẹgbẹ́ àwa oníṣọ̀nà, Àlájà Wàsílátù ni wọ́n mọ̀ mí sí. Nínú ẹbí àti ládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn. Ìyá Sherifdeen ni mí fún wọn, torí Sherifdeen ni àkọ́bí mi.

Àjíbíkẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n mú un wá bá mi láti Ọ̀yọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Ìlà tí mo bá ní kó fà tààrà, á wọ́. Mo nà án, mo bẹ̀ ẹ́, ìlà ń wọ́ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ìlà wíwọ́ náà di àrà. Ó ń fi ya ẹja, ó ń fi ya omi, ó ń fi aró kùn ún, àwọn èèyàn ń ní ó dára. Ó dára náà. Kí ni kí n wí?

Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, èmi ni mo fín igbá ìyàwó rẹ̀, igbá ńlá tòun tọmọrí, èyí tí wọ́n ń kó aṣọ ìyàwó sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fín in. Mi ò gba iṣẹ́ ẹlòmíì. Ó gbé igbá náà, ó bá ọkọ lọ sí Òkè-Afà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ síbẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Ọwọ́ mi ti kún fún iṣẹ́ mìíràn, mi ò tiẹ̀ rántí igbá náà mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gálárì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Morọ́lá ló ṣí i sí Ìsọlọ̀, nínú ilé kan tí wọ́n ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ibi ìtajà ni. Wọ́n ní rárá. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé á wá àwa tí ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan kàn: alámọ̀, aláwọ, ahunṣọ, onígbá. Á ya fọ́tò iṣẹ́ wa, á kọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀, á kọ ọdún tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, ẹni tó kọ́ ọ. Á wá kó ìwé náà lọ bá àwọn mùsíọ̀mù, ti ilé àti ti òkè òkun, á sì máa bá wọn fà á, lóṣù, lọ́dún, títí wọ́n á fi gba nǹkan náà sínú àkójọ wọn. Ohun tó bá sì ti wọ àkójọ mùsíọ̀mù, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọn ò ní jẹ́ kó fọ́. Wọn ò ní jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Orúkọ ẹni tó ṣe é á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á débẹ̀, á kà á.

Ohun tí mo fẹ́ láyé nìyẹn. Mi ò fi pa mọ́. Nínú gbogbo igbá tí bàbá mi fín, ọ̀kan ṣoṣo ò kù. Wọ́n fọ́, wọ́n jóná, wọ́n fi bomi fún adìẹ. Ẹni tó fi ogójì ọdún tẹ̀yìn fín igbá, ẹ ò lè rí ohun kan kẹ́ ẹ ní òun ló ṣe é. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí pé bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà á ṣe rí.

Àjíbíkẹ́ ló mú ìròyìn gálárì wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyá Sherifdeen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjì nínú igbá yín kí n mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú tiyín ni wọ́n ń wá."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ni wàá wá máa gbé iṣẹ́ mi kiri? Bí wọ́n bá fẹ́ mi, ṣebí wọ́n mọ Ṣógúnlé."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Máa lọ."

Ó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mò ń retí kó padà wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é? Ẹ bá àgbà sọ̀rọ̀, àgbà á kọ̀, ẹ ó tún padà wá, àgbà á ní kò burú. Mo tiẹ̀ ti yọ igbá méjì sọ́tọ̀, mo ti fi òróró pa wọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù kan, Àjíbíkẹ́ ò bẹ̀ mí mọ́. Tirẹ̀ ló kó lọ.

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìsíátù tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sáré wá, á na fóònù sí mi lójú. "Ìyá Sherifdeen, ẹ wo àbúrò yín! Ẹ wò ó níbi tó ti ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀!" Mo ní, "Alihamudulilahi." Ẹnu mi nìkan ló sọ ọ́. Àjíbíkẹ́ wà nínú fóònù náà, ó wé gèlè, ó ń fi ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n yẹn júwe bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Bí mo ṣe fi hàn án gẹ́lẹ́ ló ṣe ń júwe ẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ní "iṣẹ́ mi," mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìsíátù ní òun ò gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ló kàn án?

Èyí tó wá dùn mí wọ egungun ni ti obìnrin kan tó wá ra ahá, igbá kékeré tí wọ́n fi ń mumi, lọ́jọ́ kan. Ó yẹ iṣẹ́ mi wò, ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ṣé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n Àjíbíkẹ́ onígbá?"

Èmi! Èmi tí mo fọ imú rẹ̀, tí mo di irun rẹ̀, tí mo fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo wá di ẹ̀gbọ́n Àjíbíkẹ́. Mo ní kò sí ahá lọ́jọ́ náà. Ahá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, gbogbo wa là ń wò ó. Obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, Àjíbíkẹ́ gbé ẹran wá fún mi. Ó jókòó, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá Sherifdeen, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ." Mo ní kó sọ ọ́. Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kó parí ná." Mo ní sínú ara mi pé, ó ti rí mi fín. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé kọ́kọ́ gbọ́ kó tó wá já a lù mí. Ẹran yẹn, mi ò jẹ nínú rẹ̀. Mo gbé e fún Ìsíátù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni fóònù mi dún. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mò ń ha inú igbá kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ethan lorúkọ mi, láti gálárì Ìyáàfin Morọ́lá n'Ìsọlọ̀. Ṣé Àlájà Wàsílátù ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ju igbá sílẹ̀, mo tún ìbòrí mi ṣe, àfi bí ẹni pé ó ń rí mi. Mo ní èmi ni.

"Kọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣọ̀nà, ló fún wa ní nọ́ńbà yín. Ó ní nínú iṣẹ́ igbá, kò sẹ́ni tójú rẹ̀ tó tiyín ní gbogbo Òṣòdì."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"A ní igbá kan níwájú kọ́mítì mùsíọ̀mù. Igbá Àjíbíkẹ́ ni."

Mo ní, "Igbá ta?"

"Igbá Àjíbíkẹ́, mà. Àjíbíkẹ́ ti Òkè-Afà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Nínú gbogbo ohun tá a gbé lọ, òun lojú wọn wà lára rẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́mítì ní láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ mùsíọ̀mù, òun ò rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, pé ó tọ́ ju èyí tí ọwọ́ èèyàn lè fà lọ. Ohun tó wá ń kọ wọ́n lóminú nìyẹn. Wọ́n ní ká bi àgbà iṣẹ́ kan: ṣé ọwọ́ ló fín in, àbí ẹ̀rọ? Ẹ má bínú, mà, àṣà wa ni pé a kì í dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ẹni tá a bá ń bi, kó má bàa gbè é."

Ó sọ ọ́ fún mi o. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti ní igbá Àjíbíkẹ́, orúkọ wo ló wá kù tí wọn ò tíì dá? Ohun tó ń dún létí mi ni ìlà tó tọ́. Ìlà tó tọ́! Ìlà ta? Ìlà Àjíbíkẹ́! Ìlà tí mo fi ọdún mẹ́jọ nà án lé lórí tí kò tọ́, òun ni kọ́mítì ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní ó dájú, ọmọ yìí ti lọ fi ẹ̀rọ ṣe é. Lẹ́yìn náà mo tún ní, bí kò bá sì fi ẹ̀rọ ṣe é ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti wá dúró, tó ti wá jù mí lọ ńkọ́? Èyí èkejì yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Ethan ní, "Ǹjẹ́ kí n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́?"

"Fóònù mi kì í gba fọ́tò."

"Ṣé kí n gbé igbá náà wá lọ́la kẹ́ ẹ fojú rí i?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo mọ igbá náà bí ẹní mowó. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ, mà? Ó dá yín lójú?"

"Ẹ̀rọ oníná. Wọ́n ń kó wọn wọ ọjà báyìí. Ẹni tó bá ní ọwọ́ lòun fi fín in, ẹ̀ ń jẹ́ kó mú yín lọ́bọ ni."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́. Àlájà Wàsílátù. Kọ ọ́ kó hàn."

Mo pa fóònù. Ẹ má retí kí n sọ pé àyà mi já. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ náà mo ro ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́ kanlẹ̀, mo tún bu omíràn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí oúnjẹ ti dùn mọ́ mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn mi bá fẹ́ sọ nǹkan, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Ẹtì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ dé ni Àjíbíkẹ́ wọlé. Kò kí mi. Ojú rẹ̀ ti wú, ìbòrí rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn. Mo ti ń retí rẹ̀, mo sì ti mọ ohun tí màá sọ: màá ní pẹ̀lẹ́, màá ní bóyá kó padà sẹ́nu kíkọ́ṣẹ́. Mo tún ojú ṣe.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti dá igbá yín padà."

"Igbá ta?"

"Igbá yín, Ìyá Sherifdeen. Igbá ìyàwó mi. Èyí tẹ́ ẹ fín fún mi."

Mo jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀, ẹkún ń gé e lẹ́nu. Ó ní nígbà tí mo lé òun pé òun ò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ mi kiri, ojú ti òun láti tún padà wá. Òun wá rò ó pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun ńkọ́, ṣebí èmi ni mo fi ta òun lọ́rẹ, kò sẹ́ni tó máa ní òun jí i. Òun gbé e lọ sí gálárì. "Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń pe igbá yìí. Mo ní Igbá Àjíbíkẹ́. Ṣé ẹ rántí? Nígbà tẹ́ ẹ ń fín in, bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, ẹ̀ẹ́ pariwo pé kó yéé fọwọ́ kan igbá Àjíbíkẹ́. Orúkọ tí mo fún wọn nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi tí mo kó lọ, wọn ò dé iwájú kọ́mítì rárá. Wọ́n dára fún ògiri gálárì, ó tán. Tiyín ni wọ́n fẹ́, Ìyá Sherifdeen. Tiyín nìkan. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbà á. Mo fẹ́ kó parí kí n tó sọ fún yín, kẹ́ ẹ má bàa tún bínú sí mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mo bi í.

"Àgbà iṣẹ́ kan ló ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi fín in. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ! Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń di fìtílà mú fún yín!" Ó nu ojú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ẹni tó ṣe èyí sí yín, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láéláé. Ẹ ṣe àmín."

Ó ń wo ẹnu mi.

"Ìyá Sherifdeen, ẹ ṣe àmín."

Mo ní, "Má ṣépè. Jímọ̀ là ń ṣe."

"Kí lẹ ṣe ń ṣàánú ìkà?" Ó fà mí dìde. Ó ní kọ́mítì á tún jókòó lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ti ìwé ọdún yìí pa. Ó ní ká máa lọ sí Ìsọlọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n mú ọ̀bẹ, kí n mú igbá kan tí mi ò tíì fín dání, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ọwọ́ mi.

A wọ kẹ̀kẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú láti Ṣógúnlé dé Ìsọlọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ro ohun tó máa sọ fún Ìyáàfin Morọ́lá. Èmi ń ro tèmi. Mo ní bí mo bá kàn dé ibẹ̀ tí mo fa ìlà kan ṣoṣo níwájú wọn, ó parí. Wọ́n á rí i pé ọwọ́ ni. Àlájà Wàsílátù á kàn di àgbà kan tó ṣì ọ̀rọ̀ sọ, ta ló mọ̀ ọ́n? Kò sẹ́ni tó ní láti gbọ́. Mo tún wo Àjíbíkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń bínú torí tèmi, tí kò fi ìgbà kan sọ pé tòun ò wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo tún jowú. Mo jowú ìwà rẹ̀. Mo ní nínú mi pé, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní èyí, torí kì í ṣe èmi.

Gálárì náà tutù, ògiri rẹ̀ funfun. Igbá náà wà lórí tábìlì gíga kan, ọmọrí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná ń tàn sí i lára. Mo dúró. Àwọn ìlà náà yí i po láti ẹnu dé ìdí, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n tọ́, kò sí èyí tó fara kan èkejì. Ó ti pẹ́ tójú mi ti ríran débi tí mo lè fa irú rẹ̀. Mo wò ó títí, mo sì jowú ẹni tó fín in.

Ìyáàfin Morọ́lá jáde wá, obìnrin rìbìtì kan tó wọ awò ojú, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ìyá Sherifdeen, ẹ káàbọ̀ mà. Àbúrò yín ò jẹ́ ká sinmi. Ẹ wo fọ́ọ̀mù yín o, níbi orúkọ, Ìyá Sherifdeen, Ṣógúnlé, ló kọ síbẹ̀. Mo ní kì í ṣe orúkọ nìyí. Ó ní òun ò lè fi ẹnu òun pe orúkọ ẹ̀gbọ́n òun láéláé, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá kọ ọ́."

Ethan náà jáde, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Mo kí i. Ó yí orí díẹ̀. "Mọ́mì, ó jọ pé mo ti gbọ́ ohùn yín níbì kan rí." Mo fi ikọ́ dá a lóhùn.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ki igbá tí mo mú wá sáàárín orúnkún, mo mú ọ̀bẹ. Mo fa ìlà kan, mo fa èkejì tẹ̀lé e, mo fa ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo gbórí sókè, Ìyáàfin Morọ́lá ti bo ẹnu.

"Ọwọ́ ni. Háà! Ọwọ́ ni, Ethan!"

Àjíbíkẹ́ ń fò sókè, ó ń dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run, o ṣeun, o ti bò mí láṣìírí.

Ìyáàfin Morọ́lá fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. Ìwé ti dé ọwọ́ kọ́mítì. Àgbà iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń gbé igbá yìí fún wọn, wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn tèmi. Àfi kí àgbà náà fúnra wọn ní àwọn ṣì í sọ. Ethan, pè wọ́n. Jẹ́ kó ké síta kí gbogbo wa gbọ́."

"Ẹ pè é!" Àjíbíkẹ́ ní. "Mo fẹ́ gbóhùn rẹ̀."

Ethan ń wá nọ́ńbà nínú fóònù rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn, kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Báàgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àjíbíkẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó tẹ̀ba, ó gbé báàgì náà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá Sherifdeen, fóònù yín ń dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná, ká lè gbọ́ ti ìkà yìí."

Mo yọ fóònù náà. Mi ò pa á. Ó ń dún lọ́wọ́ mi, ti Ethan náà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ethan wo tirẹ̀, ó wo tèmi, ó sì gé e. Tèmi dákẹ́.

"Èmi ni mò ń jẹ́ Wàsílátù," mo ní.

Ìyáàfin Morọ́lá bọ́ awò rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fín igbá yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ̀rọ ni?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ara yín, mà? Kí ló dé?"

Àjíbíkẹ́ ṣì tẹ̀ba síbẹ̀ níwájú mi, ó gbójú sókè, ó ń wò mí. Ìyáàfin Morọ́lá ló bi mí, ṣùgbọ́n Àjíbíkẹ́ ni mo dá lóhùn.

"Mo rò pé tìẹ ni."